Ẹsẹ̀ Ẹṣin

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Bí a bá fi òwe yìí wo ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹ̀dá tí ó bá mu tó ẹṣin. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ẹṣin bá délẹ̀, òkè ni à ń wò: agbádá ẹni tí ó gùn ún, gàárì tí wọ́n fi awọ aláràbarà ṣe, ṣaworo tí ó ń dún lọ́rùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó gbé gbogbo ọlá náà ró, a kì í sábà bojú wò wọ́n títí di ọjọ́ tí ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ẹṣin láàrin wa ní láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àti pé ìwà tí a ń hù sí ẹṣin tí oríkèé rẹ̀ ti gbó ń sọ ohun kan nípa irú ọlá tí à ń lépa.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti àgbègbè Ọ̀pìn, ní apá àríwá ilẹ̀ Èkìtì tí ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kwara. Ibẹ̀ ni Ìsọlọ̀-Ọ̀pìn àti Ọ̀sì wà. Ìlọ́fà àti Odò-Ọ̀wá kò sì jìnnà sí wọn. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ ẹlẹ́ṣin. Òkè àti àpáta pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Síbẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ agbègbè yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin tí ó gbayì jù lọ nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá ti jáde, ẹṣin igi ni wọ́n. Aréògún ará Ọ̀sì, tí ó kú ní ọdún 1954, gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sí ara ilẹ̀kùn àti sí orí eégún Ẹpa. Bámgbóyè ará Odò-Ọ̀wá, tí ó kú ní ọdún 1978, gbẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun: ní ọdún 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo irú ère bẹ́ẹ̀ yóò rí ohun kan. Jagunjagun tí ó jókòó sórí ẹṣin tóbi. Orí rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ là kedere, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹṣin tí ó gùn kéré sí i púpọ̀, ẹsẹ̀ ẹṣin náà sì kúrú, ó ki, bí òpó mẹ́rin tí a fi ti àjà. Kì í ṣe pé oníṣẹ́ ọnà kò mọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹṣin ti gùn tó. Ẹni tí ó gun ẹṣin ni ọ̀rọ̀ kàn; ẹṣin jẹ́ àga tí a gbé ọlá lé. Ẹ sì jẹ́ kí á rántí pé ère Ẹpa kì í dúró sójú kan. Láti inú ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, ó wúwo gan-an, orí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lágbára ni wọ́n sì ń gbé e lé. Òun ni yóò jó, òun ni yóò sì fò gun òkìtì lójú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá kọsẹ̀, àmì tí kò dára ni. Nítorí náà, ẹṣin orí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì mìíràn nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ìlú ń tẹjú mọ́.

Báwo ni ẹṣin ṣe di ohun ọlá láàrin àwọn tí kì í sin ẹṣin púpọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ Ilé. Àríwá ni ẹṣin ti wá bá wa, láti ọwọ́ àwọn Nupe, àwọn Bàrìbá àti àwọn Haúsá. Ìtàn tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, tí Samuel Johnson sì kọ sínú ìwé rẹ̀, sọ pé nígbà ayé Aláàfin Orómpọ̀tọ̀, ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin ni ó ń tẹ̀lé ẹ̀yìn ogun rẹ̀, ewé fífẹ̀ ni wọ́n sì so mọ́ ìrù àwọn ẹṣin náà kí wọ́n lè máa fi gbá ojú ọ̀nà, kí ọ̀tá má baà rí ipa ẹsẹ̀ wọn. Ẹṣin ni ó jẹ́ kí Ọ̀yọ́ lè jọba lórí ọ̀dàn gbalasa láti etí odò Ọya dé ìtòsí etíkun. Ní ọdún 1726 ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ ya wọ ilẹ̀ Dàhọ̀mì, wọ́n sì padà lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn a kó ẹrù wọn, wọn a padà sílé.

Ìdí tí wọ́n fi ń padà ni ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò. Eṣinṣin kan wà nínú igbó àti ní etí odò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse. Bí ó bá ta ẹṣin, ó lè kó kòkòrò àìfojúrí sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà yóò máa dínkù, yóò máa rù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa yẹ̀, títí yóò fi ṣubú. Bí ẹṣin bá ti ń sún mọ́ igbó tó ni ẹ̀mí rẹ̀ ń kúrú tó. Ohun tí èyí fà ni pé, ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹṣin kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ tí oríkèé rẹ̀ yóò fi gbó. Ẹṣin lè lo ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé bí a bá tọ́jú rẹ̀. Àárẹ̀ oríkèé sì máa ń hàn gbangba lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àìsàn arúgbó ni. Níbi tí ikú bá ti ń pa ọmọdé, ta ni yóò kọ́ ìtọ́jú arúgbó? Rírà ni àwọn baba wa fi dípò títọ́jú: bí ọ̀kan bá kú, wọn a ra òmíràn láti òkè ọya.

Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Bí a bá ń gbàdúrà pé kí líkáfà ẹnìkan máa lọ sókè, irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ni à ń dárúkọ, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a sì ti yá ọ̀rọ̀ náà. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, eré ni ẹṣin ń sá, tàbí kí ó gbé ènìyàn lórí. Ìrù ẹṣin tí ó kú a máa di ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọba àti ìjòyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í di nǹkan kan. Ní Ọ̀yọ́, ìjòyè kan ń jẹ́ Olókùn-ẹṣin, ẹni tí ó di okùn ẹṣin ọba mú, oyè ńlá sì ni, nítorí pé àṣà ní kí olóyè náà bá Aláàfin lọ bí Aláàfin bá wàjà. Ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ọdún 1944 ni Dúró Ládípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà, òun náà ni Wọlé Ṣóyínká kọ eré olókìkí rẹ̀ lé lórí. A mọ orúkọ oyè ẹni tí ó di okùn mú. Ta ni ó mọ orúkọ ẹni tí ń gé koríko, tí ń kó ìgbẹ́, tí ń gbé ẹsẹ̀ ẹṣin sókè lóròòwúrọ̀ láti yọ òkúta kúrò nínú pátákò rẹ̀?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrú ni ẹni náà, àríwá ni ó sì ti wá. Àwọn Haúsá tí ó wà lóko ẹrú ní àwọn ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń da màlúù, àwọn ni wọ́n ń wun okùn, àwọn náà ni ìtọ́jú ẹṣin wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ké sí wọn ní nǹkan bí ọdún 1817 pé kí wọ́n wá sí Ìlọrin kí wọ́n wá di òmìnira, wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn olówó wọn, wọ́n sì lọ. Àwọn òpìtàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa agbára ogun tí Àfọ̀njá rí gbà lọ́jọ́ náà, àti bí agbára náà ṣe padà pa á. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó bá wọn lọ, èyíinì ni ìmọ̀. Ẹni tí ó mọ bí ẹṣin ṣe ń rìn nígbà tí ara rẹ̀ dá, tí ó sì lè fi ọwọ́ kan oríkèé kan kí ó mọ̀ pé ó gbóná ju èkejì lọ, òun ni ó sá lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀nà ọjà ẹṣin láti àríwá fi bọ́ sí ọwọ́ Ìlọrin pẹ̀lú. Ọ̀yọ́ wá di ẹni tí kò lè tọ́jú èyí tí ó ní, tí kò sì lè ra òmíràn. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé fi tú. Ẹṣin nìkan kọ́ ni ó tú u, ìjà láàrin àwọn ìjòyè àti ọba ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó gbé agbára rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹṣin, tí ó sì fi ẹsẹ̀ náà sí ọwọ́ ẹni tí kò ní ìdí láti fẹ́ràn rẹ̀, ti kó sínú ewu.

Ìlọrin náà rí tirẹ̀. Ní ọdún 1840, ní Òṣogbo, ogun Ìbàdàn kọ lu àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní òru, nígbà tí ẹṣin kò lè rí ààyè sáré, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ẹsẹ̀ ẹṣin kò ní ran Ìlọrin wọ igbó. Ibi tí ọ̀dàn ti pàdé òkè, bí ilẹ̀ Ìgbómìnà, Ọ̀pìn àti apá òkè Èkìtì, ni ó wá di ibi tí àwọn ẹlẹ́ṣin láti Ìlọrin àti láti ilẹ̀ Nupe ń ya wọ̀ láti kó ẹrú. Nítorí náà, nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀sì bá gbẹ́ jagunjagun lórí ẹṣin, ohun tí ojú àwọn òbí rẹ̀ rí ni ó ń gbẹ́. Kò yani lẹ́nu pé òkè ni ó ń wò. Ẹni tí ń sá fún ẹlẹ́ṣin kì í dúró wo bóyá ẹṣin náà ń tiro.

Kí wá ni tiro yìí? Níbi tí eegun méjì bá ti pàdé nínú ara ẹṣin, eegun rírọ̀ tí ó ń dán bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, omi tí ó ń yọ̀ sì wà láàrin wọn kí eegun má baà máa ha eegun. Bí ọjọ́ orí bá ń gun òkè, tí iṣẹ́ sì ń pọ̀, eegun rírọ̀ yìí a máa fẹ́lẹ́, a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, omi náà kò sì ní yọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ara a gbìyànjú láti tún ibẹ̀ ṣe, a sì hu eegun tuntun tí kò gún sí etí oríkèé náà. Èyí tí ó bá ti jẹ kì í padà sí bí ó ti wà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìtọ́jú ni à ń sọ, a kì í sọ pé a óò wò ó sàn.

Ìwúwo ẹṣin kò sì pín dọ́gba. Bí ó bá dúró, nǹkan bí 60 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ń gbé, ẹni tí ó gùn ún yóò tún fi tirẹ̀ kún un. Oríkèé tí ó wà lókè pátákò iwájú ni ó sì sábà máa ń jìyà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní tirẹ̀ ni ó ń ta ara síwájú, òun náà ni ó ń dá ara dúró. Ẹni tí ó bá ti wo ẹṣin ṣíṣe níwájú ọba tàbí ẹ́mà yóò rántí bí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe ń fi eré kíkan bọ̀, tí wọn a sì fa ìjánu lójijì, tí ẹṣin yóò fi ìdí sọlẹ̀, tí wọn yóò na ọwọ́ sókè láti kí i. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n oríkèé ńlá tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń gba gbogbo agbára ìdádúró náà, bí ó bá sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, yóò jẹ gbèsè tí arúgbó rẹ̀ yóò san.

Àwọn àmì rẹ̀ kò farasin fún ẹni tí ó bá wò. Ẹṣin náà a le gbagidi bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lóòórọ̀, a sì tú díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti rìn. Kò ní fẹ́ yí sí apá kan. Kò ní fẹ́ kí á gbé ẹsẹ̀ òun sókè, nítorí pé bí a bá gbé ọ̀kan, ìwúwo tí ó kù yóò di ti èyí tí ó ń dùn ún. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ni, orí rẹ̀ a gòkè nígbà tí ẹsẹ̀ tí ń dùn ún bá kan ilẹ̀, a sì wálẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ tí ó dá bá kàn án. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó gun ẹṣin kò lè ṣàì ju ìpàkọ́; bí òun kò bá tilẹ̀ fẹ́, ẹṣin a máa jù ú fún un. Ó yẹ kí ẹlẹ́ṣin ronú lórí èyí. Ìgbà mìíràn wà tí ìpàkọ́ tí a ń jù, tí àwọn ènìyàn sì ń pè ní ọlá, ẹsẹ̀ tí ń dun ẹṣin ni ó ń jù ú.

Kì í ṣe gbogbo ẹṣin arúgbó tí ó ń tiro ni oríkèé ń dùn. Bí tiro bá dé lójijì, inú pátákò ni kí á kọ́kọ́ wò, nítorí pé òkúta tàbí ìṣó lè ti wọ ibẹ̀, kí ó sì gba ọyún. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń yẹ̀, tí ẹṣin sì ń rù, kí á ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí eṣinṣin tí ó lé Ọ̀yọ́ padà láti Dàhọ̀mì kò tíì parẹ́ ní ilẹ̀ wa.

Bí ó bá wá jẹ́ oríkèé ni, ìtọ́jú rẹ̀ kò jọ ohun ìyanu. Ohun àkọ́kọ́ ni rírìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sísọ ẹṣin mọ́ èèkàn jẹ́ ìsinmi fún un, ṣùgbọ́n oríkèé tí kò bá rìn ni ó ń le sí i. Kí á tú okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ó máa rìn jẹko lójoojúmọ́ lórí ilẹ̀ tí kò le jù. Ohun kejì ni ìwúwo: ọkà bàbà àti pòpórò tí à ń kó fún un kí ó lè sanra dáadáa, kí ojú má tì wá lọ́jọ́ ọdún, ẹrù ni gbogbo rẹ̀ ń dì lé ẹsẹ̀ tí ó ti rẹ̀. Kí ẹran ara rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí á lè fi ọwọ́ kan egungun ìhà rẹ̀. Ohun kẹta ni pátákò, tí ó yẹ kí á máa gé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí pátákò bá gùn jù, tàbí tí apá kan ga ju èkejì lọ, gbogbo oríkèé tí ó wà lókè rẹ̀ ni yóò wọ́. Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ amúkùn-ún ti di ìmọ̀ ìṣègùn gan-an.

Oògùn wà pẹ̀lú. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni àwọn oníṣègùn ẹranko ti ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní phenylbutazone láti dín ìrora àti wíwú oríkèé kù. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó jù, ó ń ba inú àti kíndìnrín jẹ́, nítorí náà oníṣègùn ni kí ó sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó ju ọ̀rọ̀ ìwọ̀n lọ. Oògùn tí a fún ẹṣin kí ó lè rìn jẹko láìsí ìrora yàtọ̀ sí oògùn kan náà tí a fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún kí á lè gùn ún. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àánú. Èkejì pa ẹnu ẹlẹ́rìí mọ́ ni, nítorí pé ìrora nìkan ni ẹṣin fi ń bá wa sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1914, ilé ìwádìí Vom bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1924, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn oníṣègùn ẹranko ní ọdún 1963. Oògùn tí ń pa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ti dé. Èyí túmọ̀ sí pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wa, ẹṣin lè gbó ní ilẹ̀ Yorùbá, àní ní ìtòsí òkun. A ń rí i ní Ìlọrin lákòókò Iléyá. A ń rí i ní Ìjẹ̀bú-Òde ní Ojúde Ọba, níbi tí ìdílé àwọn Balógun ti ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. A ń rí i ní pápá pólò, a sì ń rí i ní etíkun Èkó, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin háyà fún àwọn ọmọdé. Àwọn baba wa lè wí pé ikú kò jẹ́ kí àwọn kọ́ ìtọ́jú arúgbó ẹṣin. Àwa kò ní àwáwí náà mọ́.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹṣin, tàbí tí ó háyà ẹṣin fún ọjọ́ ọdún, lè ṣe ohun mẹ́ta. Kí ó tó gùn ún, kí ó jẹ́ kí wọ́n fà á rìn níwájú òun lórí ilẹ̀ líle, kí ó sì wo orí àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń tiro, kí ó má gùn ún, bí ọjọ́ náà ti wù kí ó tóbi tó. Kí ó bèèrè orúkọ ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin náà, kí ó gbọ́ ohun tí ẹni náà bá sọ, kí ó sì san owó rẹ̀ fún un bí oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé irú ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó sá kúrò ní Ọ̀yọ́ ní ọjọ́sí. Bí ọjọ́ bá sì pé tí ẹṣin arúgbó kò lè dìde fúnra rẹ̀ mọ́, tí rírìn kò tú u, tí oògùn kò sì ràn án, kí oníṣègùn fi pẹ̀lẹ́ dá ìrora rẹ̀ dúró. Títà á fún ẹni tí yóò tún gùn ún kì í ṣe ìtọ́jú.

Ẹṣin tí Aréògún àti Bámgbóyè gbẹ́ kò ní darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní wú láé. Ẹ̀dá ẹlẹ́ran ara ni èyí tí à ń gùn. Ọdún díẹ̀ ni ó fi ń sáré fún wa, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá mìíràn lẹ́yìn náà tí kò ní lè sáré mọ́. Ọdún mẹ́wàá yẹn ni ìlú kò ní lù sí, tí ẹnikẹ́ni kò ní wò. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá ẹṣin ni a fẹ́ràn, tàbí àga gíga lásán.